Ogójì Pàṣán, Kó Má Lé

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Nínú ìwé Deutarónómì orí 25, òfin kan wà tí a sábà máa ń fò kọjá nítorí pé ọ̀rọ̀ pàṣán ni. Bí ilé ẹjọ́ bá dá ẹnìkan lẹ́bi, tí nínà sì tọ́ sí i, kí wọ́n dá a dọ̀bálẹ̀ níwájú adájọ́ fúnra rẹ̀, kí wọ́n nà án bí ẹ̀bi rẹ̀ bá ṣe tó. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ogójì lọ. Ẹsẹ kẹta sọ ìdí rẹ̀: kí arákùnrin rẹ má baà di ẹni ẹ̀gàn lójú rẹ. Òfin yìí kò bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀daràn o. Ó gbà pé ó jẹ̀bi, ó gbà pé kí ó jìyà, kódà ó ní kí adájọ́ dúró kí ó máa wò ó. Ohun tí kò gbà ni kí ìyà náà máa lọ láìníye, débi pé àwa tí à ń wòran kò ní rí èèyàn mọ́ lára ẹni tó dọ̀bálẹ̀ níwájú wa.

Ọ̀rọ̀ ìbò ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó pààyàn, ẹni tó fipá bá obìnrin lò pọ̀, ẹni tó fi ìbọn jalè, tí ilé ẹjọ́ sì ti dá a lẹ́bi: ṣé ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì máa dìbò? Àwọn ọ̀dọ́ wa ló gbé e dé ìpàdé wọn, àríyànjiyàn náà sì le débi pé wọ́n ní kí n wá bá àwọn dá sí i. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n kàwé ná. Kí ẹnikẹ́ni tó sì máa sọ pé pásítọ̀ ti bọ́ sínú òṣèlú, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ ẹjọ́ àti ẹ̀wọ̀n kún inú Bíbélì. Jósẹ́fù ṣẹ̀wọ̀n, Jeremáyà ṣẹ̀wọ̀n, inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti bẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lórí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ẹnu ayé kò kò lórí rẹ̀ rárá. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ohun tí ìpínlẹ̀ kan ń ṣe ni èkejì ń kà léèwọ̀. Ní Maine àti Vermont, ẹlẹ́wọ̀n ń dìbò láti inú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọ̀ràn yòówù kó dá. Ìwé ìbò á wá bá a nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́, á fi àmì sí i, á sì dá a padà. Ìlú tó ń gbé kó tó wẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń ka ìbò rẹ̀ mọ́, kì í ṣe ìlú tí ọgbà ẹ̀wọ̀n wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n á kó ara wọn jọ láti yan olórí lé àwọn ará abúlé tó wà lẹ́bàá ọgbà náà lórí, kó fọkàn balẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, ọjọ́ tí èèyàn bá jáde ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà. Ó sì níbi tó jẹ́ pé àfi kó máa wojú gómìnà.

Ní Kánádà, ọkùnrin kan tó jẹ̀bi ìpànìyàn ló gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ gíga jù lọ. Ní 2002, adájọ́ márùn-ún gbè é, mẹ́rin lòdì sí i. Ìjọba ti sọ pé gbígba ìbò lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n á kọ́ ọ láti bọ̀wọ̀ fún òfin. Òdìkejì rẹ̀ ni àwọn adájọ́ tó pọ̀ jù rí: báwo lẹ ṣe fẹ́ fi lílé èèyàn jáde kọ́ ọ ní bí a ṣe ń wà láàárín àwùjọ?

Ẹ̀rí tó le jù ni ti Ísírẹ́lì. Ní November 1995, ọ̀dọ́kùnrin kan yìnbọn pa olórí ìjọba, Yitzhak Rabin. Ìbò tí wọn yóò fi yan olórí ìjọba tuntun bọ́ sí oṣù May 1996. Àwọn kan gba ilé ẹjọ́ gíga jù lọ lọ, wọ́n ní kí wọ́n gba ipò ọmọ ìlú lọ́wọ́ apànìyàn náà kí ó má baà lè dìbò. Ẹ rò ó wò: ẹni tó fi ìbọn yí ìjọba padà, òun náà ló tún fẹ́ fi ìwé ìbò yan ẹni tí yóò rọ́pò! Bí ó bá jẹ́ èmi ni adájọ́, inú mi ì bá ru. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ kọ̀. Wọ́n kórìíra ohun tó ṣe, wọn kò sì fi bò, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìkórìíra yẹn kò sọ ọ́ di ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú mọ́. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ni ìyà rẹ̀, ó sì ń ṣe é lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe rí i. Ní 2005, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù tó wà ní Strasbourg sọ fún wọn pé kò tọ́ láti gba ìbò lọ́wọ́ gbogbo ẹlẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà láì wo ohun tí kálukú ṣe. Ẹni tó pe ẹjọ́ náà ti pa obìnrin tó gbà á sílé. David Cameron, olórí ìjọba nígbà náà, sọ ní 2010 pé ríronú pé òun máa fún ẹlẹ́wọ̀n ní ìbò tó láti kó àìsàn bá òun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn aṣòfin dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà: 234 ní kí òfin wà bó ṣe wà, 22 péré ló lòdì. N kò bú wọn. Wọ́n ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó jókòó sí ìjọ wa.

Arábìnrin kan wà láàárín wa tí àwọn adigunjalè pa ọmọ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ, ó wá bá mi, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Pásítọ̀, ọmọ mi ì bá ti tó ìbò dì lọ́dún yìí. Ta ni yóò bá a dì í?" N kò rí èsì fọ̀. Mo sì ń bẹ̀ yín, bí ẹ bá pàdé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má yára ka ẹsẹ Bíbélì nípa ìdáríjì sí etí ẹni tí ẹkún rẹ̀ kò tíì gbẹ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹlẹ́wọ̀n kó kọ́kọ́ jókòó ti ìyá yẹn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí ìjọba bá gba ìbò lọ́wọ́ apànìyàn, arábìnrin yìí kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Ohun tó nílò ni kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó dájọ́. Ó nílò kí wọ́n sọ fún un kí wọ́n tó tú ẹni náà sílẹ̀, kó má jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni yóò ti pàdé rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n pa bá sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀, ó yẹ kí ẹnìkan ṣèrànwọ́ lórí ilé ẹ̀kọ́ wọn. Gbogbo ìwọ̀nyí ń ná ìjọba lówó. Ìbò gbígbà kò ná wọn ní nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń wu àwọn òṣèlú: wọ́n á dà bí ẹni tó gbèjà ìyá náà, láì tíì ṣe ohunkóhun fún un.

Ẹnìkan tí kò ṣeé sọ fún pé kò mọ bí ìwà ọ̀daràn ṣe ń dunni ni Albie Sachs, agbẹjọ́rò tó bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà jà. Ní 1988, wọ́n ri bọ́ǹbù mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní Maputo, olú ìlú Mòsáḿbíìkì. Apá rẹ̀ ọ̀tún lọ, ojú rẹ̀ kan kò sì ríran mọ́. Nígbà tí ìjọba yí padà, ó di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀. Ní 1999, nígbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n béèrè bóyá àwọn lè dìbò, òun ló kọ ìdájọ́ náà, ó sì dá wọn láre. Ó ní ìbò olúkúlùkù ọmọ ìlú jẹ́ àmì iyì, ó ń sọ pé èèyàn ni ẹni náà, ó sì wà nínú iye. Bí ẹlòmíràn tí kò jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ bá sọ ọ́, mo lè ní ẹnu lásán ni. Apá kan ṣoṣo tó kù fún ọkùnrin yìí ló fi kọ ọ́.

Pọ́ọ̀lù náà, wọ́n ti fi okùn dè é fún pàṣán kó tó bi balógun ọ̀rún léèrè bóyá ó tọ́ kí wọ́n na ọmọ ìlú Róòmù tí a kò tíì dá lẹ́bi. Ẹ̀rù ba olórí ogun náà nígbà tó gbọ́. Mo mọ ohun tí àwọn agbẹjọ́rò inú ìjọ máa sọ: Pọ́ọ̀lù kò tíì jẹ̀bi. Òótọ́ ni, n kò sì ní fi ẹsẹ yẹn parí ẹjọ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò já ipò ọmọ ìlú kúrò lára rẹ̀. Ti Dáfídì tilẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jẹ̀bi, wòlíì sì sọ ọ́ sí i lójú. Idà kò kúrò nílé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ní kó má jẹ́ ọmọ Ísírẹ́lì mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe àwáwí o!

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí mo dúró sí. Ẹni tó ti parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, n kò rí ìdí kankan tí kò fi ní dìbò. Adájọ́ ló ka pàṣán, ó ti pé. Ta ló fún wa láṣẹ láti máa nà án lọ lẹ́yìn tí adájọ́ ti lọ sílé?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Ní 2018, ó lé ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá àwọn olùdìbò tó gbà pé kí àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n tán gba ìbò wọn padà, yàtọ̀ sí apànìyàn àti ẹni tó jẹ̀bi ọ̀ràn ìbálòpọ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tí wọ́n ṣírò pé ó kàn. Ọdún kejì ni àwọn aṣòfin ní àfi kí ẹni náà san gbogbo owó ìtanràn àti owó ilé ẹjọ́ tó jẹ. Kò sì sí ojú kan tí èèyàn lè lọ béèrè iye tó kù. Èmi fara mọ́ kí olè dá ohun tó jí padà. Sákéù san án ní ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí èèyàn méjì bá dá ọ̀ràn kan náà, tí wọ́n lo ọdún kan náà, tí ọlọ́rọ̀ wá ń dìbò tí tálákà kò lè dì, owó ti di ìdájọ́ kejì. Ní August 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà tún kéde pé àwọn ti mú ogún èèyàn tó dìbò láìtọ́. Ọ̀ràn wọn wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ní káàdì ìdìbò tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì rò pé wọ́n ti dá àwọn láre.

Àti pé, ta ló ń yan àwọn ọ̀ràn tí yóò gba ìbò lọ́wọ́ èèyàn? Àwọn tó kọ òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà kan náà, ní 1901 sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn fẹ́ kí agbára wà lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n ṣa àwọn ọ̀ràn tí wọ́n gbà pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló máa ń dá jù, wọ́n kó o sínú òfin. Títí di 1985 ló wà níbẹ̀ kí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó fagi lé e.

Ti ẹni tó ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n ló ṣòro fún mi. Bí mo bá ní kí n sòótọ́, ọkàn mi ń fà sí i pé kí òun náà máa dì í. Ìbò kì í ṣe ẹ̀bùn fún ọmọlúàbí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan tó ń jalè ní ọ́fíìsì tí ọwọ́ kò tíì tẹ̀ wọ́n ni ì bá kọ́kọ́ pàdánù rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra, ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn wọ̀nyí ló sì máa padà wá bá wa gbé.

Mo yọ ẹnìkan sílẹ̀: ẹni tó jí ìbò gbé. Ẹni tó fi ìbọn gbé àpótí tàbí tó ṣe ayédèrú èsì, kò burú bí adájọ́ bá gba ohun tó fi ṣeré lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí Jámánì ṣe ń ṣe é tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀wọ̀n lásán kò gba ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àfi bí adájọ́ bá pè é ní orúkọ, fún irú ọ̀ràn bí ìdìtẹ̀ sí ìjọba tàbí ìwà ọ̀daràn nínú ìdìbò, ọdún rẹ̀ kì í sì í dín sí méjì tàbí kó ju márùn-ún lọ.

Arábìnrin tí mo dárúkọ ẹkún rẹ̀ lókè kò gbà pẹ̀lú mi lórí àwọn tó ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n, n kò sì retí kí ó gbà. Ibi tí a dúró sí nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ abẹ̀wò ọgbà ẹ̀wọ̀n yóò lọ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ọjọ́ wọn ti súnmọ́ bóyá wọ́n mọ ohun tí òfin sọ nípa ìbò wọn. Ẹ má fi ẹnu lásán dá wọn lóhùn. Méjì nínú àwọn agbẹjọ́rò wa ti gbà láti bá yín lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wà pẹ̀lú wọn, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
Olùṣọ́-àgùntàn yín