Ta ni "àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì" tí rédíò ń sọ?

Sí Olóòtú,

Ó ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún gbọ́ ọ lórí rédíò: "Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣàwárí pé oorun ọ̀sán ń dáàbò bo ọkàn." Gbólóhùn kan, orin, ìpolówó ọjà, ó tán. Àwọn wo? Níbo? Ṣé ènìyàn ni wọ́n yẹ̀ wò ni àbí èkúté? Bó bá jẹ́ ènìyàn, wọ́n tó mélòó? Ta ló sanwó iṣẹ́ náà? Atọ́kùn ètò kò sọ. Ẹni tí àìsàn ọkàn ń bá fínra tó gbọ́ ìyẹn, kí ni kó fi ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ rédíò mọ ohun tí mò ń wí. Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á ní kọfí ń ba ara jẹ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á ní kọfí ń mú ẹ̀mí gùn. Ohùn kan náà ló ń sọ méjèèjì, ìdánilójú kan náà ló fi ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa là á yé wa bóyá ìwádìí kejì ta ko ti àkọ́kọ́ ni, tàbí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì yẹ̀ wò. Abájọ tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé àwọn onímọ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwa ni wọn kò jẹ́ kí a gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ wá rántí pe olùwádìí fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n ń fún un? Mo gbọ́ ìyáàfin kan lórí ètò òwúrọ̀ kan tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ tó ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohùn rẹ̀ tutù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yéni yékéyéké. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Àmọ́ o, ohun tí iṣẹ́ wa kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni…" ni ìpolówó ọjà bá já lù ú. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbé. Ibi tí obìnrin yẹn dé gan-an ni ọ̀rọ̀ wà! Ìwádìí tí kò bá sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ, ìkéde lásán ni. Ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á wá ẹnìkan tí kò ṣe ìwádìí kankan rí wá jókòó ti onímọ̀, kí àwọn méjèèjì máa jiyàn, kí ètò lè gbóná. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ṣègbè. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ẹnìkan, kò sí lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ibo ni ègbè ti wọ ọ̀rọ̀ yẹn?

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí ariwo rẹ̀ gba ayé kan. Ní 2015, IARC, ẹ̀ka tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà tọ́jú kó má baà bàjẹ́ wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Wọ́n tò ó sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú sìgá. Kíá ni àwọn oníròyìn ti gbé e jáde pé ẹran yìí burú tó sìgá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rí ṣe dájú tó ni ìsọ̀rí yẹn ń sọ, kò sọ bí ewu ṣe pọ̀ tó. Ohun tí IARC sọ nípa ewu ni pé tí ènìyàn bá ń jẹ gíráàmù 50 rẹ̀ lójoojúmọ́, ewu jẹjẹrẹ náà á fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ìdá 18 lórí kí ni? Ká ní nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, àwọn márùn-ún ni àrùn náà ì bá mú tẹ́lẹ̀. Ìdá 18 lórí márùn-ún yẹn kò pé ènìyàn kan. Márùn-ún á fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́fà. Ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì rò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ariwo tí wọ́n pa. Àlàyé tí mo ṣe yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́nu. Ìṣẹ́jú kan! Wọ́n á ní kò sáyè.

Ti MMR, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà èéyi, ṣegede àti rùbẹ́là, tún burú jùyẹn lọ. Ọmọ 12 péré ni ìwé tí dókítà Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú The Lancet, jọ́nà tí àwọn oníṣègùn ti ń gbé ìwádìí jáde, ní 1998 dá lé lórí, ìwé tí wọ́n torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so abẹ́rẹ́ náà mọ́ autism, ìpèníjà ìdàgbàsókè ọpọlọ tó máa ń hàn láti kékeré. Ká ní gbogbo atọ́kùn tó ka ìròyìn yẹn ló béèrè lórí afẹ́fẹ́ pé "Ọmọ mélòó?", òbí púpọ̀ ì bá ti fura. Ọdún 2010 ni The Lancet tó fa ìwé náà padà pé kò ṣeé gbára lé. Odindi ọdún 12! Ìbẹ̀rù ti ráyè wọlé àwọn ènìyàn, kò sì tíì jáde tán dòní. Ẹni tó bá fi gbólóhùn kan dẹ́rù ba olùgbọ́ kì í padà wá ní wákàtí kan náà láti fi gbólóhùn kan tù ú nínú.

Owó ta sì ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyí? Owó orí wa ni. Àwa la sanwó oṣù olùwádìí, àwa la ra ẹ̀rọ tó fi ṣiṣẹ́. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á lọ tì í mọ́ inú jọ́nà tí a tún gbọ́dọ̀ sanwó kí a tó kà. Àwọn aláṣẹ tó ń pín owó ìwádìí mọ̀. Àwọn ọ̀gá yunifásítì mọ̀. Wọ́n ń gba àmì-ẹ̀yẹ fún ara wọn, wọ́n ń ṣe ìpàdé lórí bí wọn yóò ṣe "mú ìmọ̀ súnmọ́ ará ìlú", ìpàdé tí ará ìlú kankan kò sí níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, White House fi ìlànà ránṣẹ́ sí àwọn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà pé ìwé ìwádìí tí owó ìjọba àpapọ̀ bá gbọ́ bùkátà rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ tó bá jáde, kí wọ́n sì ti fi ìyẹn múlẹ̀ kó tó di ìparí 2025. Mo yìn wọ́n. Àmọ́ ìwé ọ̀fẹ́ tí kò yé ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí, wọn kò tan iná sínú yàrá. Láàárín àkókò yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ti rówó ra máíkì ti dá pọ́díkáàsì, ètò ohùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀, ó ń ta oògùn gbogbo-ǹ-ṣe ní orúkọ "ìwádìí fi hàn". Ìwádìí wo?

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí, mo sì fẹ́ kí àwọn aláṣẹ kà á dáadáa. Kó di dandan pé kí wọ́n tó san ìdá ìkẹyìn nínú owó ìwádìí yòówù tó ti àpò ìlú wá, olùwádìí ti gbọ́dọ̀ gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí owó ìgbohùnsílẹ̀ náà wà nínú ìṣúnná láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó sọ ọ́ ní èdè tí àwọn tó ń gbé níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà ń sọ nínú ilé. Kí akọ̀ròyìn rédíò ló bi í léèrè, kì í ṣe alukoro yunifásítì, torí iṣẹ́ alukoro ni kó yin ilé tó ń sanwó fún un. Kó dáhùn ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò àti iye wọn, ẹni tó sanwó, àti ohun tí kò tíì dá wọn lójú. Lẹ́yìn náà, kó sọ ohun tó yẹ kí olùgbọ́ ṣe, tàbí kó sọ pé kò tíì sí ohun tó yẹ kó ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. "Ẹ má tíì yí ohunkóhun padà" jẹ́ ìdáhùn tó níyì, n kò sì gbọ́ ọ rí lórí rédíò.

Kí wọ́n wá kó ohùn wọ̀nyí jọ síbi tí ilé iṣẹ́ rédíò èyíkéyìí, bó ti wù kó kéré tó, ti lè mú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kó gbé wọn sáfẹ́fẹ́ láì tọrọ àṣẹ, bí kò bá ṣáà ti gé ọ̀rọ̀ mọ́ olùwádìí lẹ́nu. Kí ohùn kan náà jáde gẹ́gẹ́ bíi pọ́díkáàsì. Rédíò ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní dátà, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá, ó lọ nìyẹn. Pọ́díkáàsì ń jẹ dátà, àmọ́ ènìyàn lè dá a dúró, kó tún un gbọ́, kó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Kí olùwádìí sì padà wá lẹ́yìn náà láti dáhùn ìbéèrè àwọn tó gbọ́ ọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. George Atkins, agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ará Kánádà, dá ohun tó di Farm Radio International lónìí sílẹ̀ ní 1979, ó ń kọ ọ̀rọ̀ ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, nígbà tí kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi fi nǹkan ránṣẹ́. Ní 1975, Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ The Science Show, Kánádà bẹ̀rẹ̀ Quirks & Quarks, àwọn ètò méjèèjì sì lo ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún lórí afẹ́fẹ́. Àwọn olùgbọ́ kò sá fún wọn. Àwọn olùwádìí kan sì máa ń ní ọ̀rọ̀ àwọn jinlẹ̀ ju ti rédíò lọ. N kò gbà. Robert Oppenheimer, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, jókòó sídìí máíkì BBC ní 1953, ó ń ṣàlàyé átọ́ọ̀mù fún ẹni tó wà nílé, láìsí àwòrán, láìsí pátákó ìkọ̀wé. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò lè ṣòro ṣàlàyé ju ìyẹn lọ.

Àwọn ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí wọ́n yé gbé ètò sáyẹ́ǹsì sí ọ̀gànjọ́ òru. Bí wọ́n bá ṣìṣe, wákàtí tí wọ́n ti ṣìṣe náà ni kí wọ́n ti tún un ṣe. Kí fáìlì pọ́díkáàsì má tóbi ju agbára fóònù kékeré lọ.

Àdéhùn owó ìwádìí tó kàn ṣì wà lórí tábìlì àwọn tó ń pín in. Ìpínrọ̀ kan péré ló kù kí wọ́n fi kún un: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn olùwádìí, lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo rédíò. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.

Emi ni tiyín,
Olùgbọ́ rédíò kan