Kàǹgárù kì í ṣe "Mi ò gbọ́ ohun tí o wí"

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kan wà ní ojú ìwé àwọn ọmọdé tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mi ò lè gbójú fò. Ẹ ní nígbà tí òyìnbó kọ́kọ́ dé Ọsirélíà, ó rí ẹranko kan tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fò, ó bi onílẹ̀ pé kí lèyí, onílẹ̀ sì dáhùn pé "kàǹgárù", ìyẹn "mi ò gbọ́ ohun tí o wí". Ìtàn yìí wà lẹ́nu tíṣà, ó wà lórí rédíò, ó sì ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp. Irọ́ ni.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1770, Endeavour, ọkọ̀ ojú omi James Cook, atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, forí sọ àpáta abẹ́ òkun ní apá àríwá ìlà-oòrùn Ọsirélíà. Wọ́n wọ́ ọ dé ẹnu odò kan láti tún un ṣe, wọ́n sì lò tó ọ̀sẹ̀ méje níbẹ̀. Àwọn tó ń sọ èdè Guugu Yimithirr ló ni ilẹ̀ náà. Ẹnu wọn ni Cook àti Joseph Banks, onímọ̀ ewéko tó bá a rìnrìn àjò, ti gbọ́ orúkọ yìí, tí àwọn méjèèjì sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Gangurru ni ọ̀rọ̀ náà, orúkọ oríṣi kàǹgárù ńlá kan.

Ibo wá ni irọ́ ti wọlé? Ní 1820, Phillip Parker King, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, dé ẹnu odò yẹn kan náà, ó béèrè orúkọ ẹranko náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n sọ fún un. Ni àwọn ènìyàn bá ní Cook ló ṣì í gbọ́. Bẹ́ẹ̀, minha ni wọ́n sọ fún King, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹran, èyí tó ṣe é jẹ. Ta ló yẹ kí èyí tètè yé bí àwa Yorùbá? Bí àlejò bá dé oko lọ́nà Ìfẹ́tẹ̀dó lónìí, tó nàka sí ìgalà tí ọdẹ gbé kọ́ èjìká, ọdẹ lè ní "ìgalà ni", ó sì lè ní "ẹran ni". Òótọ́ ni méjèèjì.

Láàárín ọdún 1970 sí 1979, John Haviland, onímọ̀ èdè, lọ kọ́ èdè Guugu Yimithirr lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Ó bá gangurru lẹ́nu wọn.

Ohun mìíràn tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí Sydney ní 1788, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tí Cook kọ lọ bá àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, láìmọ̀ pé èdè tó wà ní Ọsirélíà nígbà náà lé ní 250. Watkin Tench, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá sójà wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Sydney kò mọ ọ̀rọ̀ náà rí. Nígbà tó fi màlúù han ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Colbee, Colbee béèrè bóyá kàǹgárù nìyẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni ojú tí ìtàn yìí fi ń wo onílẹ̀. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti ń dọdẹ nínú igbó yẹn láti ayébáyé, ẹ ní wọ́n bi í ní orúkọ ẹran tó ń jẹ, kò rí ìdáhùn kan fọ̀. Àwọn ọmọ wa ń kà á, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Irú rẹ̀ wà nílé wa náà. Wọ́n ní torí pé erin pa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàná la ṣe ń pè é ní Àjànàkú. Ìtàn náà dùn létí, mo sì fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ lálẹ́ bí àlọ́. Kí a má kàn tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kíkà bí ẹni pé ó ṣojú wa. Èyí tí à ń fipá kọ́ wọn fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́, pé ọ̀wọ́ kannakánná ń jẹ́ "murder"? Ìwé àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní St Albans, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1486 ló tan irú àwọn orúkọ àrà bẹ́ẹ̀ kálẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ lónìí, "flock" ni wọ́n ń lò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe lójú ìwé kan náà, kí àkọlé rẹ̀ hàn ketekete bíi ti àkọ́kọ́. Bí àyè bá ṣì kù, ẹ ní kí àwọn ọmọ lọ bi àwọn ọdẹ àti àwọn ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní àdúgbò wọn nípa ẹtu, ìgalà, ọ̀yà àti òkété: orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n nílé wọn, àti bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀. Kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n bá gbọ́ ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ilé-Ifẹ̀.