Àjàní, má tẹ̀lé ìmọ̀ràn tí mo fún ẹ lálẹ́ àná

Àjàní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Mo mọ̀ pé ó máa yà ẹ́ lẹ́nu pé bàbá ẹ tó jẹ́ pé "okay" nìkan ló máa ń tẹ̀ sórí Whatsapp ló jókòó láti ìdájí tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ lẹ́tà gígùn, ojú ń ro mí, àmọ́ mi ò rí oorun sùn láti ìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ tán. Ìmọ̀ràn tí mo fún ẹ yẹn ò dáa. Mo fẹ́ gbà á padà kó o tó dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

O pè mí, o ní ọ̀gá yín fọwọ́ gbá ìdí ọmọbìnrin kan tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, pé ìṣojú ẹ ni, pé kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ọmọbìnrin náà ti wá kọ̀wé fẹjọ́ sùn báyìí, ó sì kọ orúkọ ẹ síbẹ̀ pé o wà níbẹ̀, wọ́n ní kó o wá sọ ohun tó o rí. O bi mí pé kí ni kó o ṣe. Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó o sọ̀rọ̀ délẹ̀ tí mo fi ní "má dá sí i, sọ fún wọn pé ojú ẹ wà lórí kọ̀ǹpútà, o ò rí nǹkan kan." Mo tún rẹ́rìn-ín lé e, mo ní "eré ló ń bá a ṣe jàre." Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo gbọ́ ọ lóhùn ẹ pé ẹ̀rín yẹn ò dénú, ó dà bíi pé nǹkan mìíràn lo fẹ́ kí n sọ.

Ìyá ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, ìwọ náà mọ̀ pé spíkà ni mo máa ń fi fóònù sí torí etí mi. Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀ kò bínú, kò pariwo, ó kàn wò mí títí, ó wá ní "Bàbá Àjàní, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí èmi náà sọ tèmi fún yín?"

Mo rántí. Ohun tó lé oorun lójú mi nìyẹn.

A ò tíì bí ẹ nígbà yẹn. Ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ bàtà, ó wá sọ fún mi pé ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wọn máa ń dúró dè é ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, á dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Àjàní, ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé "Kí lo wọ̀?" Mi ò bi í pé ṣé ó ṣe é léṣe, mi ò bi í pé kí ló fẹ́ kí n ṣe. Kí lo wọ̀! Ó dákẹ́, ó bọ́ bàtà ẹ̀, ó lọ wẹ̀. Kò sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà, èmi wá rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, mo tiẹ̀ tún ń yin ara mi pé mo bá a yanjú ẹ̀ wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan ó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, gbogbo ẹni tó bi mí ni mo sọ fún pé iṣẹ́ náà ló ń tán an lókun. Lálẹ́ àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìyókù fún mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí torí tiẹ̀ ni, tó bá wù ú kó sọ fún ẹ lọ́jọ́ kan á sọ ọ́ fúnra ẹ̀, tí kò bá sì wù ú, má bi í.

A máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Obìnrin á wá sọ̀rọ̀ tán, a ó ní ẹnu ẹ̀ ti pọ̀ jù.

Láti àná ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ "eré" tí mo sọ yẹn. Eré wo ni ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe, tí ẹnì kejì ń ka iye ọjọ́ tó kù kó tún tó kàn án? Mo wá rí i pé a ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ọkùnrin tó lu ìyàwó ẹ̀, a ní ó bá a wí. Ọ̀gá tó ń fọwọ́ kan òṣìṣẹ́ ẹ̀, a ní ara ẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Èyí tó burú jù lára wọn, tó jẹ́ pé èmi náà ti sọ ọ́ àìmọye ìgbà, ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, a ní wọ́n ti bà á jẹ́. Wò ó dáadáa ná. Ẹni tó hùwà ìbàjẹ́ ń rìn kiri ìgboro, ẹni tí wọ́n hù ú sí la wá sọ pé ó bàjẹ́, àfi bí ẹrù tó já bọ́ lọ́wọ́ alárù. "Ìfipábánilòpọ̀" gùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ ipá wà nínú ẹ̀, tó o bá gbọ́ ọ wàá mọ̀ pé ẹnì kan ló lo ipá, wàá sì fẹ́ mọ ẹni náà. "Wọ́n bà á jẹ́" kì í jẹ́ kéèyàn bèèrè nǹkan kan mọ́, àánú lásán ló kù.

Ó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín pé "ó" kan náà là ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin nínú Yorùbá wa yìí, èdè tiẹ̀ bá wa fi ìyẹn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwa fúnra wa la lọ ń wá ibi tá a máa gbà fi yà á. Obìnrin tó bá mọṣẹ́ dunjú, a ní obìnrin bí ọkùnrin ni, a rò pé a kí i nìyẹn. Ọmọkùnrin tó bá sunkún, a ní kó má ṣe bí obìnrin. Mo sọ ọ́ fún ìwọ náà lọ́jọ́ tó o já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ tí orúnkún ẹ bó, o ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, o gbé ẹkún yẹn mì lójú mi, mo sì pàtẹ́wọ́ fún ẹ. Má bínú. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan hùwà burúkú sí ẹ nígbà yẹn, ta lo fẹ́ sọ fún, ṣé èmi tó ń pàtẹ́wọ́ nígbà tó o gbé ẹkún mì? Wọ́n máa ń ṣe é fún àwọn ọmọkùnrin náà o, ìdí tá a kì í fi í gbọ́ nìyẹn.

O sọ nǹkan méjì lórí fóònù tí mo fẹ́ fèsì sí torí mi ò fèsì gidi lánàá. Àkọ́kọ́, o ní ọmọbìnrin náà ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ó kàn dúró. Àjàní, ara máa ń gan. Ẹ̀rù lè bani kí ẹsẹ̀ kọ̀ kó má gbéra, kí ohùn há, kì í ṣe pé èèyàn gbà bẹ́ẹ̀, ara ló pinnu fúnra ẹ̀ kí ọpọlọ tó dé bá a. Ìyá ẹ náà ò pariwo ní yàrá fáìlì yẹn. Ẹni tó sì tún jẹ́ pé ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni owó oṣù ẹ̀ wà, ariwo wo lo fẹ́ kó pa?

Ìkejì, o ní "bàbá mi, gbogbo ọkùnrin kọ́ o." Òótọ́ ni. Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó o ṣe sọ, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú yín àyàfi ọ̀gá. Àmọ́ o ní gbogbo yín lẹ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kó o rántí ojú ọ̀gá yín lẹ́yìn tó gbá a tán, mo lè ta tẹ́tẹ́ pé kò wo ọmọbìnrin náà, ẹ̀yin ló wò. Ojú yín ló ń wò bóyá ọ̀nà ṣì là. Ẹ sì là á fún un.

Láàárọ̀ yìí mo lọ ka nǹkan díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan níbẹ̀. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2022 tí wọ́n ṣe káàkiri ayé, nínú òṣìṣẹ́ 5, ó ju ẹnì 1 lọ tó ti rí ìwà ipá tàbí ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin o, nínú àwọn yẹn náà, díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì tó sọ fún èèyàn kankan. Àwọn tí ò sọ, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn wí ni pé àkókò làwọn máa fi ṣòfò, tàbí pé àwọn ń bẹ̀rù orúkọ àwọn. Ibi tí mo ka ìyẹn dé ni mo ti gbé fóònù sílẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ di àkókò ṣíṣòfò fún ìyá ẹ, kì í ṣe ọ̀gá ibi iṣẹ́ kankan.

Àjọ yẹn kan náà ṣe àdéhùn kan lọ́dún 2019, èyí tí wọ́n ń pè ní 190, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹlẹ̀, ó kà. Wọ́n tún kọ ọ́ pé orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹni tó fẹjọ́ sùn, kí wọ́n sì dáàbò bo ẹlẹ́rìí náà kí ẹnikẹ́ni má bàa gbẹ̀san lára ẹ̀. Ẹlẹ́rìí, ìwọ nìyẹn. Mi ò sọ pé ìwé lè gba èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń bínú, mo ti dàgbà ju ìyẹn lọ, àmọ́ ó dáa kó o mọ̀ pé àwọn kan ti ro ọ̀rọ̀ ẹ kó tó délẹ̀.

Mo tún rántí ẹjọ́ obìnrin ará Faransé yẹn, Gisèle Pelicot, ìyá ẹ ló máa ń ka ìròyìn ẹ̀ fún mi lọ́dún 2024. Ọkọ ẹ̀ ń fi oògùn mú un sùn, ó ń pe àwọn ọkùnrin wálé láti wá fipá bá a lò pọ̀, ó sì tó bí ọdún mẹ́wàá tó fi ṣe é. Òfin gbà á láyè kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kóòtù kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, ó kọ̀, ó ní kí wọ́n ṣí i sílẹ̀, pé ìtìjú náà kì í ṣe tòun, àwọn tó ṣe é ni kó máa tì. Ọkùnrin 51 ni wọ́n dá lẹ́bi, ọkọ ẹ̀ wà lára wọn. Nígbà tí ìyá ẹ ń ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ ìtìjú yẹn, ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé kò rí i dáadáa ni.

Ó ṣeé ṣe kó o sọ pé ṣé èèyàn ò lè purọ́ mọ́ ọkùnrin ni. Ó lè ṣẹlẹ̀, ọmọ aráyé ò ṣeé fọkàn tán. Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí ẹni tó rí i fi gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí bó ṣe rí i. Tó o bá ní o ò rí nǹkan kan, ìwọ lo purọ́ nìyẹn, irọ́ ẹ ni wọ́n á sì fi pe ọmọbìnrin yẹn ní òpùrọ́.

Torí náà jókòó lónìí kó o kọ ọ́. Ọjọ́ wo ni, aago mélòó, ta ló dúró síbo, kí ni ọ̀gá sọ. Èyí tó o fojú rí, kọ ọ́ lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n kàn sọ fún ẹ, kọ ìyẹn náà lọ́tọ̀, má fi iyọ̀ sí i rárá. Tọ́jú ẹ̀dà kan sílé, má fi sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Kó o tó fi ránṣẹ́, bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ níbi tí etí ò pọ̀, bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ kó lọ, torí ẹjọ́ tiẹ̀ ni, kì í ṣe tìẹ, má lọ ṣe bí akọni fún un, má sì lọ kojú ọ̀gá yẹn pẹ̀lú ariwo. Má gbé e sí grúùpù kankan o! Kódà tó o bá yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, wọ́n á mọ̀.

Èyí tó máa le jù nìyí. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé o rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó máa ń ti èèyàn lójú, àmọ́ tó o bá fi ìyẹn pamọ́, ẹlòmíì nínú ẹ̀yin mẹ́rin máa sọ ọ́ láti fi ba ọ̀rọ̀ ẹ jẹ́, lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin yẹn gbọ́ ẹ̀rín ẹ lọ́jọ́ náà, ó sì tún kọ orúkọ ẹ sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tó rí lójú ẹ tó fi kọ ọ́. Bóyá òun náà gbọ́ ọ pé ẹ̀rín yẹn ò dénú.

Mi ò lè ṣèlérí fún ẹ pé wọn ò ní fi ojú ẹ rí nǹkan. Wọ́n lè gbé ẹ kúrò ní dẹ́pátímẹ́ǹtì ẹ, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ lè máa dákẹ́ tó o bá wọlé. Tó bá di pé iṣẹ́ lọ, yàrá ẹ ṣì wà níbí, bẹ́ẹ̀dì ẹ náà wà níbẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé mo ti kó àpótí irinṣẹ́ mi sórí ẹ̀, màá kó o kúrò.

Ìyá ẹ ti ka lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́, ó ní kí n yọ ibì kan kúrò, mo ti yọ ọ́. Tó o bá kọ tìẹ tán, pè wá kó o kà á fún wa. Spíkà ni màá fi sí.

Bàbá ẹ