Ta Ni Iowa Ń Gbẹnu Sọ Fún?

Sí Olóòtú,

Mo ka àlàyé yín pé kò sóhun tó burú nínú bí ìpínlẹ̀ Iowa ṣe máa ń dìbò ṣáájú àwọn ìpínlẹ̀ yòókù nínú yíyan olùdíje fún ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Láti ọdún 1972 ni ipò iwájú yìí ti bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀nà ìdìbò náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2024, aago méje alẹ́ ni ẹgbẹ́ Republican ní Iowa pe ìpàdé tí wọ́n ti ń dìbò, nínú òtútù tó ń gan ènìyàn létí, ẹni tí kò bá sì sí níkàlẹ̀, kò ní ohùn. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ńkọ́? (Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ rí.) Ìyá tí kò rí ẹni gbé ọmọ fún ńkọ́?

Lọ́dún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ Democrat gba ipò àkọ́kọ́ tiwọn lọ́wọ́ Iowa, tí wọ́n gbé e fún ìpínlẹ̀ South Carolina, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ láàárín olùdìbò wọn. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo kò lè gbẹnu sọ fún àádọ́ta. Ẹ jẹ́ kí ìpínlẹ̀ mẹ́rin láti agbègbè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dìbò lọ́jọ́ kan náà, kí ẹni tí iṣẹ́ ká mọ́ sì lè fi ìwé ìdìbò rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Houston