Èèkù Ọ̀bẹ Wà Nínú Ohun Tí À Ń Dà Nù

Sí Olóòtú,

Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Èmi tí mo ti ń bá a gbẹ́ ẹ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ti wá rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ tó wà lórí ààtàn ni irin rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Èèkù ike rẹ̀ nìkan ló là. Mo fẹ́ bẹ àwọn òǹkàwé yín pé kí wọ́n má ṣe ju irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ nù, nítorí ohun tí a lè fi ṣe èèkù mìíràn wà nínú nǹkan tí àwa náà ń dà nù lójoojúmọ́.

Ọmọ odó ìyá mi tó ṣẹ́ ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ibi tí ọwọ́ wọn ti ń dì mú fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo gé, ó sì ti ń dán kí n tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn èyí ni mo bọ́ sórí férémù fèrèsé ìrókò tí wọ́n ń yọ lára ilé àtijọ́ tí wọ́n bá wó. Ìrókò dára, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń rẹ́ ẹ di imú, nítorí eruku rẹ̀ máa ń yún ara, ó sì máa ń há ènìyàn láyà.

Ìwo màlúù gan-an ló ká mi lára jù. Ní odò ẹran, òkìtì rẹ̀ ni wọ́n ń dáná sun, bẹ́ẹ̀ ìwo yìí kan náà ni àwọn oníṣẹ́ Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe èèkù abẹ ìfárùngbọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí èékánná àti irun wa jẹ́ ni òun náà jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rùn bí irun tó jóná bí ayùn bá ti gbóná jù. A ó kọ́kọ́ sè é kí egungun inú rẹ̀ lè yọ, a ó là á, a ó tún kì í bọ omi gbígbóná títí yóò fi rọ̀, kí a tó fi fáìsì, irin tí a fi ń há nǹkan mọ́ra, tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín pákó méjì kó lè tẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo kánjú kàn án mọ́ irin nígbà tó ṣì tutù. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìwo náà sún kì, etí irin yọ síta, ó sì là mí ní àtẹ́lẹwọ́. Bó bá gbẹ dáadáa, tí a sì fi sáńpépà tó kúnná dán an, àwọ̀ oyin pẹ̀lú ìlà dúdú ni yóò yọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa máa ń mú ìdí ọ̀bẹ pọ́n nínú iná kí wọ́n tó gbá a wọnú igi, ṣùgbọ́n ìwo kò gba bẹ́ẹ̀, jíjó ni yóò jó. Ẹ̀là méjì ni kí a fi ìṣó idẹ kàn mọ́ irin lọ́tùn-ún lósì, kí a sì fi òòlù tẹ orí ìṣó náà bẹẹrẹ.

Kì í ṣe gbogbo àlòkù ló yẹ ọwọ́ tó ń gé ẹran o. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yọ́ páìpù omi oníke lórí èédú láti fi dá èèkù, tí èéfín náà sì ń ta á lójú àti lọ́nà ọ̀fun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò. Àjákù páànù ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì burú ju ìyẹn lọ, nítorí eruku rẹ̀ kì í jáde mọ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tó ń yọ́ písítìnì mọ́tò láti fi dá èèkù náà mọ̀ pé bí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bá wà nínú ohun tí wọ́n ń da irin yíyọ́ náà sí, ó lè bú gbàù.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹwà, àjákù àdìrẹ ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn aránṣọ. Mo to ogún ìpele rẹ̀ léra, mo fi oje tó máa ń gan bí ike, èyí tí àwọn oníṣẹ́ fáíbà ń lò, rin ín, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ra di ọjọ́ kejì. Ìgbà tí mo fi fáìlì irin ha etí rẹ̀, ìlà aró bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀bẹ tí ìyàwó mi fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn alábòójútó odò ẹran pé kí wọ́n máa ya ìwo sọ́tọ̀ kí wọ́n tó dáná. Àwa tí a nílò rẹ̀ yóò máa wá kó o.

Èmi ni,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.