Ẹ Bi Wọ́n Pé Èló Ni: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọbìnrin Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Ajílété,

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ̀ọ̀mù nídìí irun dídì tàbí aṣọ rírán ni mò ń kọ èyí sí, láti Sábó dé Òkè-Ọlá. Ẹ̀yin gan-an ni àwọn tó ń kó ọmọ ènìyàn tà ń wá kiri, torí iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ yín, owó ṣọ́ọ̀bù ni kò sí.

Ẹni tó máa wá bá yín kì í sábà jẹ́ àjèjì. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀gá yín, tàbí ìyá kan nínú ìjọ. Yóò ní iṣẹ́ ilé wà ní Oman tàbí Lẹ́bánónì, tàbí pé wọ́n ń wá onídìrí ní Mali, ọ̀fẹ́ sì ni owó ọkọ̀. Ní Mali yìí, ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Nàìjíríà ń bá ara wọn, tí wọ́n ń fi ara wọn pawó fún ẹlòmíì.

Ọ̀fẹ́ yẹn ni kí ẹ fura sí. Gbèsè ni, ẹ bi wọ́n pé èló ni. Láyé ìwọ̀fà, nígbà tí wọ́n ń fi ọmọ ṣiṣẹ́ sin olówó nítorí gbèsè, iye owó hàn sí gbogbo ẹbí, onígbọ̀wọ́ wà, ọjọ́ tí wọ́n bá san án tán lọmọ ń padà sílé. Bí olówó bá sì fipá bá ọmọbìnrin ìwọ̀fà lò, owó rẹ̀ ti wọgbó nìyẹn, yóò tún san ìtanràn. (Mi ò yin ìwọ̀fà o, ìyà ni òun náà.) Àmọ́ ti òde òní burú jù ú lọ. Ìgbà tí ọmọ bá dé Ítálì ni màdáámù, ìyẹn obìnrin tó ń fi í ṣòwò aṣẹ́wó, máa ń là á mọ́lẹ̀ pé 30,000 yúrò ló jẹ, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ọkùnrin kan bá san 20 yúrò, ìgbà 1,500 nìyẹn, láìtíì yọ owó ilé àti oúnjẹ. Bí ó bá sì kù díẹ̀ kó san án tán, wọ́n lè tà á fún màdáámù mìíràn, kí gbèsè tuntun bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ náà sá ni ìmùlẹ̀. Kí wọ́n tó gbéra, àwọn tó ń kó wọn lọ á gba irun wọn, èékánná wọn, nígbà míì pátá wọn, wọ́n á fi mú kí àwọn ọmọ náà mulẹ̀ pé àwọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ní Ìbíní tú irú ìmùlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gégùn-ún fún àwọn tó ń ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: ọ̀dàlẹ̀ ni ilẹ̀ ń mú. Nínú ẹni tó purọ́ iṣẹ́ àti ọmọ tó sá kúrò nínú irọ́, ta ni ọ̀dàlẹ̀?

Mi ò ní kí ẹ má rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé àdéhùn: orúkọ ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀, owó oṣù, ọjọ́ ìsinmi. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ aṣojú, ìyẹn ẹni tó ń bá yín ṣètò ìrìn àjò náà. Ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò, nìkan kò tó, ẹni tó ń ta ìrẹsì náà ní CAC. Ẹ wo físà dáadáa: ti àbẹ̀wò kò fàyè gba iṣẹ́, ọjọ́ tó bá tán ẹ di arúfin, ìyẹn ni wọ́n á fi máa halẹ̀ mọ́ yín. Ní Lẹ́bánónì àti àwọn ìlú Lárúbáwá mìíràn kan, ọwọ́ ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ni ìwé ìgbélùú yín wà. Bí ẹ bá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, wọ́n lè kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé obìnrin ọmọ Nàìjíríà sórí Facebook fún títà ní 1,000 dọ́là, pẹ̀lú àwòrán páasípọ́ọ̀tì rẹ̀.

Ẹ fúnra yín lọ ṣe páasípọ́ọ̀tì, ọjọ́ orí tòótọ́ ni kí ẹ fi sí i. Ẹni tó bá ní kí ọmọ ọdún 16 kọ 21, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé tí orúkọ wà, kí ìyá yín ní ọ̀kan, kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín. Ẹ há nọ́ńbà ẹnì kan sórí, torí fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Kí ẹ sì ní àmì kan pẹ̀lú ará ilé: "Ẹ bá mi kí Àǹtí Ṣadé," nígbà tí kò sí Ṣadé kankan nínú ẹbí.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi torí pé ẹ gbà láti lọ. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ọdún 2015 tó lòdì sí kíkó ọmọ ènìyàn tà, gbígbà yín kò dá ẹni tó kó yín láre. Ẹni tó bá ṣètò ìrìn àjò aṣẹ́wó sókè òkun, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè dín ní ọdún 7. Bí wọ́n bá gba páasípọ́ọ̀tì, iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà lè fún yín ní ìwé ìrìn àjò pàjáwìrì tí ẹ máa fi padà sílé.

Ẹ̀yin ìyá tó máa gba ìpè náà ńkọ́? Bí ẹ bá gbọ́ "Àǹtí Ṣadé," ẹ má pariwo, ẹ má sì pe aṣojú tó ṣètò ìrìn àjò náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù ọmọ yín lè wà. NAPTIP, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó ọmọ ènìyàn tà, ni kí ẹ pè, 627 tàbí 07030000203, kí fọ́tò páasípọ́ọ̀tì wà nítòsí, kí ẹ sì sọ ìlú tí ọmọ yín dárúkọ gbẹ̀yìn fún wọn.