Ọgbà Tó Ti Lo Ọdún Mẹ́ta Ni Kẹ́ ẹ Máa Fi Hàn Wá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làákàyè. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ojú ewé tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún ilé àti àyíká, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró láéláé, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń dùn mí tí mo fẹ́ bá yín sọ. Gbogbo fọ́tò ọgbà fláwà tẹ́ ẹ ń gbé síbẹ̀, ọgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ni. Èèyàn á ti mọ̀, torí ilẹ̀ ẹ̀ á ṣì dúdú rokoso, gbogbo ẹ̀ á tanná lẹ́ẹ̀kan náà, ewé kan ò ní gbẹ, koríko kan ò ní hù. Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá wo irú fọ́tò yẹn tó wá lọ ra fláwà, kó tó oṣù mẹ́fà á ti máa sọ pé ohun ọ̀gbìn kì í yè lọ́wọ́ òun. Kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ rárá, ohun tó rà ni ò bá ibi tó gbìn ín sí mu.

Mo mọ̀ torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ọgbà níwájú ilé, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta fláwà, èyí tójú mi bá ṣáà ti rí tó wù ú ni mò ń mú, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó tó oríṣi mọ́kàndínlógún, èyí tó fẹ́ oòrùn, èyí tó fẹ́ ibòji, èyí tó ń mu omi àtèyí tí omi ń pa, ojú kan náà ni mo kó gbogbo wọn sí. Ixora, igi fláwà kékeré kan, nìkan ni mo rà ju ẹyọ kan lọ, mo gbin mẹ́rin ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yẹ́lò, kì í ṣe ewé tó ti gbó nísàlẹ̀ o, ewé tuntun tó wà lókè téńté ni, tí iṣan inú ewé wá dá ṣe gíríìnì lọ́tọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi bírò fa ìlà sórí pépà. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, mo tún da ajílẹ̀ sí i, ṣe ló ń burú sí i. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé ilẹ̀ tó ní ásíìdì díẹ̀ ni ixora fẹ́, àti pé sìmẹ́ńtì tó wà lára ògiri máa ń ṣàn wọ inú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó sì máa ń ba ásíìdì yẹn jẹ́, tí gbòǹgbò ò fi ní lè fa èròjà irin tó wà nínú ilẹ̀ mu. Irin wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ni ò tó o. Mo hú u, mo gbé e jìnnà sí ògiri, mo kó ewé jíjẹrà sí i nídìí, méjì nínú mẹ́rin yè, wọ́n ń tanná pupa di òní. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn náà, ọ̀já ìkookò ni mo gbìn síbẹ̀, èyí tí ewé ẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán bí idà, látìgbà yẹn mi ò ṣe ju kí n gé ewé tó bá ti kú kúrò.

Ohun tí mo fẹ́ káwọn òǹkàwé yín gbọ́ nìyẹn, pé ibi téèyàn fẹ́ gbìn ín sí ló yẹ kó sọ ohun téèyàn máa rà. Kẹ́ ẹ tó ra ẹyọ kan, ẹ fi odindi ọjọ́ kan wo ibẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ mọ ibi tí oòrùn ń pa ju wákàtí 6 lọ àti ibi tí kì í dé rárá. Ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ rọ omi kún un, tó bá gbẹ ẹ tún rọ òmíràn, bí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, a jẹ́ pé ilẹ̀ yín ń dá omi dúró nìyẹn, ohun tí ìdí ẹ̀ máa ń tètè jẹrà ò ní gbébẹ̀ láéláé, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè tọ́jú ẹ̀ tó.

Obìnrin ológbà kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Beth Chatto, ọdún 2018 ló di olóògbé, ohun tó fi ọjọ́ ayé ẹ̀ sọ nìyí gan-an. Ní agbègbè Essex, tó wà lára ibi tí òjò ti kéré jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó mú ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí tẹ́lẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn lásán, ó sọ ọ́ di ọgbà ní nǹkan bí ọdún 1992, ó sì pinnu pé tí ohun tí wọ́n gbìn bá ti fìdí múlẹ̀, àwọn ò ní bomi rin ín mọ́. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti mọ́ lára látibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá ló kó síbẹ̀, irú àwọn fláwà tó ń jẹ́ lavender àti sedum, àtàwọn koríko tí ewé wọn tín-ín-rín. Ẹni tó bá ń gbé níbi tó móoru gan-an lè má rí lavender tọ́jú, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ìdí tí ọ̀já ìkookò àti etí erin, èyí tọ́pọ̀ èèyàn ń pè ní aloe, fi lè wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láì rómi ni pé òru ni wọ́n ń ṣí àwọn ihò tíntìntín ara ewé wọn láti fa afẹ́fẹ́, nígbà tí ojú ọjọ́ ti tutù, tójúmọ́ bá ti mọ́ wọ́n á pa á dé kí oòrùn má bàa fa omi ara wọn gbẹ. Ẹ wá wo ẹni tó ń rọ omi sírú ẹ̀ nídìí lójoojúmọ́, ó rò pé òun ń kẹ́ ẹ ni.

Ká wá bọ́ sórí títò wọ́n pọ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe jù. Òdòdó ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ òdòdó á wá, á lọ, ewé ló ń báni gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin. Ewé ni mo fi ń tò ó ní tèmi. Mi ò sì tíì rí èyí tó ṣeé lò níbi púpọ̀ bíi pèrègún, gbìn ín sínú oòrùn tí kò le jù, ó ń ṣe dáadáa, gbé e síbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ó ń ṣe dáadáa, ó ṣe é fi ṣọgbà yí ilé ká, ó ṣe é dá gbìn sínú ìkòkò, gé ẹ̀ka ẹ̀ kó o kì í bọlẹ̀, ó di òmíràn nìyẹn, kò dẹ̀ sí ọdún tí kì í rú ewé tuntun. Èyí tó ní ìlà yẹ́lò láàárín ewé ni mo tò sẹ́yìn. Croton wà níwájú ẹ̀, torí pupa àti yẹ́lò inú croton ló máa mú ìlà yẹ́lò tara pèrègún yẹn yọ (ṣùgbọ́n oòrùn ni croton fi ń ní àwọ̀ o, ẹni tó bá gbìn ín sábẹ́ igi, gíríìnì ni gbogbo ẹ̀ máa padà dà). Nísàlẹ̀ pátápátá, Tradescantia eléwé pọ́pù tó ń fà nílẹ̀ ni mo fi bo ilẹ̀, gbogbo oríkèé ẹ̀ tó bá ti kan ilẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò, ó sì nípọn débi pé koríko ò rí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n máa fi hù. Mẹ́ta péré nìyẹn. Ewé gígùn tó ń wó sílẹ̀, ewé fífẹ̀ tó le, ewé kéékèèké tó ń rá kòrò, ojú èèyàn á ríbi sinmi sí.

Ẹ má sì gbin ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbin mẹ́ta irú kan náà pa pọ̀, tàbí márùn-ún, tàbí méje, kẹ́ ẹ tún padà gbìn ín níwájú díẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọgbà dà bí ohun tí wọ́n rò jinlẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, ó sì dín iṣẹ́ kù torí ìtọ́jú kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Roberto Burle Marx ará Brazil, tí wọ́n bí lọ́dún 1909 tó sì kú lọ́dún 1994, bó ṣe máa ń gbìn nìyẹn, irú kan ṣoṣo á gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ, òmíràn á wá fara tì í bí ìgbà tí wọ́n kun ọ̀dà sórí aṣọ. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nípa ọkùnrin yìí ni pé ìlú Berlin ló ti kọ́kọ́ rí ẹwà àwọn igi ilẹ̀ tiwọn, nínú ilé onígíláàsì tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn bí ohun iyebíye, nígbà tó jẹ́ pé nílé, nǹkan òkè òkun làwọn èèyàn ń gbìn síwájú ilé wọn. Ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igbó lọ wá wọn. Ohun tó ń hù fúnra ẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà àdúgbò yín, tẹ́nì kan ò bomi rin, ẹ lọ wo ìyẹn kẹ́ ẹ tó ra nǹkan míì.

Omi náà, ẹ kó àwọn tó ń mu omi jọ sójú kan nítòsí ẹ̀rọ, káwọn tí kò fẹ́ omi wà ní tiwọn lọ́tọ̀. Ọdún 1981 làwọn tó ń pín omi ní Denver, ní Amẹ́ríkà, sọ irú ọgbà tí kì í fi omi ṣòfò báyìí ní xeriscape, kíkó àwọn tó ń mu omi jọ sójú kan sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn èèyàn. Bougainvillea, fláwà ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń gun ògiri, ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi olómi yẹn, tó bá ti yó omi àti ajílẹ̀, ewé lásán lá máa rú.

Ẹ wá bo ilẹ̀. Nígbà tí oòrùn mú gan-an lọ́dún tó kọjá, mo ṣí ewé gbígbẹ tí mo kó sídìí croton mi wò lọ́wọ́ ọ̀sán. Ìṣísẹ̀ méjì síbẹ̀, níbi tí kò sí ìbora, ilẹ̀ ti sán, ó le bí àpáta. Abẹ́ ewé yìí tutù, ó dúdú, ekòló méjì ń sá wọlẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe kàn wọ́n, gbòǹgbò funfun tín-ín-tìn-ìn-tín ti gòkè wọ àárín ewé jíjẹrà yẹn. Kó ga tó ínǹṣì 2 sí 3 ti tó, ẹ má kàn jẹ́ kó fara kan igi fúnra ẹ̀ kí èèpo ẹ̀ má bàa jẹrà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, torí mo ti rí i nínú ìmọ̀ràn táwọn èèyàn ń fúnni: fláwà tí kì í fẹ́ ìtọ́jú yàtọ̀ sí èyí tó ń ya bolẹ̀. Fláwà tí wọ́n ń pè ní lantana àtèyí tí wọ́n ń pè ní wedelia kì í kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì wà nínú orúkọ 100 tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ohun abẹ̀mí, kà sí ohun abẹ̀mí tó ń ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́ jù lọ láyé, wọ́n máa ń jáde nínú ọgbà lọ gba oko àti igbó. Ẹni tó bá sì lọ́mọ kékeré nílé, kó yẹra fún àwọn fláwà tí wọ́n ń pè ní dieffenbachia àti oleander, májèlé wà nínú wọn.

Kò sí èyí tí a gbìn tán tí a fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọdún àkọ́kọ́ gba omi, gbogbo wọn, títí kan àwọn tí mo ní wọn ò fẹ́ omi yẹn, omi tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó wọlẹ̀ ṣinṣin, kó tó di ìgbà míì, kì í ṣe wíwọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ tó ń jẹ́ kí gbòǹgbò dúró sókè. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn bí wọ́n ṣe máa tóbi tó, àlàfo yẹn á dà bí ohun tó burú lójú lọ́dún yẹn, ó sì wà lára ìdí táwọn ayàwòrán yín kì í fi í ya irú ọgbà bẹ́ẹ̀.

Torí náà, Olóòtú wa, ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Ẹ máa wá ọgbà tó ti lo ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ nígbà tí kò tanná, kẹ́ ẹ sì bi onílé pé wákàtí mélòó ló ń lò níbẹ̀ lọ́sẹ̀, èwo ló ti kú, kí ló fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn ẹ̀ sábẹ́ fọ́tò náà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ológbà iwájú ilé